Kókó Ọ̀já Kì Í Gbé Ẹ̀yìn

Ìyá mi àgbà, Àwẹ̀ró, ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé kókó ọ̀já kì í gbé ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ó kọ́ mi bí a ṣe ń pọn ọmọ ni. Ó wé ọ̀já mọ́ mi, ó fà á le, ó so ó sí iwájú lábẹ́ ọmú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ó ní, "Ibi tí ọwọ́ rẹ tó ni kí o máa so ó sí. Bí ọmọ bá sunkún, ìwọ ni yóò tú u, kì í ṣe ará ọ̀nà." Mo ní mo gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò padà wá bá mi nínú oorun, nígbà tí èmi náà ti di ìyá àgbà, tí Àwẹ̀ró sì ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè.

Ní àárọ̀ yìí, ní ibùdó gààrí wa ní Ọlọ́pẹméjì, Múráìnà wẹ́dà, ẹni tí ń fi iná jó irin pọ̀, ti gbé ìbòjú rẹ̀ dání, ó fẹ́ jó ìbòrí ẹ̀rọ tuntun wa pa. Mo ní, "Múráìnà, dákun, má tíì tan iná yẹn. Àlá kan wà lẹ́nu mi. Bí o bá jó ẹ̀rọ yìí pa tán kí n tó sọ ọ́, ó ti di àlá lásán nìyẹn."

Ó gbé ìbòjú rẹ̀ lé orí àga. Àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣe gààrí fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Kí ó lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀, n óò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbé wa dé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ wa àkọ́kọ́, èyí tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ìbòrí rẹ̀. Olè wá, ó tú nọ́ọ̀tì, ó gbé ìbòrí lọ. Inú bí wa. A ra ìbòrí mìíràn, a ní kí wọ́n jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra kí olè má rí nǹkan tú mọ́. Lóòótọ́, olè kò padà wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, bíárìn inú rẹ̀, irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gíríìsì díẹ̀ ni ó ń tọrọ. Kò sí ibi tí ọwọ́ lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ké títí, ó sì dákẹ́, ẹ̀rọ náà kò sì yí mọ́ láéláé. Àwa náà padà sídìí páànù tí a fi ìṣó lu, a ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́, àtẹ́lẹwọ́ wa ń bó. Aṣọ ni Màmá Ṣẹ́fíù, alága wa, fi di ìka rẹ̀ títí di òní. Ó pẹ́ kí a tó rí ẹ̀rọ tuntun yìí. Nígbà tí ó sì dé, ohun tí a kọ́kọ́ sọ fún Múráìnà ni pé kí ó jó o pa, nítorí olè.

Mo na ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, mo ní: Àlá kan ni mo lá lóru àná.

Mo wà ní ibùdó yìí, mo ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ wa àtijọ́, èyí pupa, jókòó sórí àpótí ní iwájú mi, ó ń fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ní ọwọ́ lójú àlá. Mi ò bi í pé níbo ni ó ti rí i.

Ó ní, "Ìyá Dúnsìn, ẹ kú iṣẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀rọ, o kú ìjókòó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi họ ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ò tó o."

Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àṣé ọmọ ni ó pọ̀n. Irin pẹlẹbẹ ni ọ̀já rẹ̀. Àárín ẹ̀yìn gan-an ni wọ́n so kókó rẹ̀ sí, wọ́n sì ti fi iná jó kókó náà mọ́ ara rẹ̀. Ọmọ náà ń ké lábẹ́ irin, kíí, kíí, kíí, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Mo ní, "Ọmọ rẹ ń ké."

"Mo ń gbọ́. Bíárìn ni orúkọ rẹ̀. Ebi gíríìsì ni ó ń pa á. Láti ọjọ́ tí mo ti pọ̀n ọ́n, mi ò tíì rí ojú rẹ̀."

"Ta ni ó bá ọ so ó báyìí?"

Ó yíjú wò mí. "Ẹ̀yin náà ni."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ni ó dùn mí. Mo ní kí ó dìde, a óò wá ẹni tí yóò tú u kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ náà yóò dákẹ́. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Lójú àlá, èèyàn kàn ń mọ nǹkan ni.

Mo gbé ẹ̀rọ rù. Ó fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Bí a ti ń lọ, ó ń kí àwọn èèyàn láti orí mi, àwọn èèyàn sì ń dá a lóhùn, wọ́n ń bi í léèrè ilé. Kò sí ẹni tí ó kí èmi tí mo rù ú.

A dé ibi tí pápá bọ́ọ̀lù máa ń wà. Ọ́fíìsì kan ni ó ń léfòó níbẹ̀ lókè, pẹ̀lú òrùlé àti fèrèsé tí wọ́n ti dí. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi igbá kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ẹlòmíràn. Pátákó kan wà lára rẹ̀. Mo dúró, mo ń kà á ní díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ka lẹ́tà kan tán, yóò sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí èyí tí ó kàn. Ó ní: Ọ́FÍÌSÌ ÀTÚNṢE. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn lẹ́tà náà, wọ́n ní kò tọ́pẹ́.

Igi igbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé wa sókè. Mo yí ọ́fíìsì náà ká. Kò ní ilẹ̀kùn. Mo fi ọwọ́ kan ògiri.

"Ta nìyẹn?" Ohùn ọ̀gá ni.

"Ìyá Dúnsìn ni, sà, láti Ọlọ́pẹméjì. Ẹ̀rọ ni a gbé wá. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ẹ wọlé."

"Ibo ni kí a gbà, sà?"

"Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ gbà. Ṣé ẹ ò rí ẹnu ọ̀nà ni?"

"A ò rí i, sà."

"Ẹ ò lè rí i. A ti jó o pa. Nítorí olè ni."

"Háà. Kí ni olè fẹ́ jí níbẹ̀, sà?"

"Ilẹ̀kùn."

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Báwo ni ẹ ṣe ń jáde?"

Ó ní, "A ti kọ̀wé sí ara wa lórí ọ̀rọ̀ yẹn. A ò tíì dá ara wa lóhùn."

"Kí wá ni ẹ ń jẹ?"

"Àga," ni ohùn mìíràn ké láti inú lọ́hùn-ún. "A ti jẹ àga tán. Tábìlì ni ó kàn báyìí."

Ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìlànà. Ìyáafin, ẹ tò sí... mẹ̀ẹ́ẹ̀."

"Sà?"

"Mo ní kí ẹ tò sí... mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀."

Mo fi ojú sí ihò kan lára ògiri. Wọ́n ti di ewúrẹ́, gbogbo wọn pátá. Fìlà ṣì wà lórí ọ̀gá, ìwo rẹ̀ ti lu ú já. Mi ò mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ewúrẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àyípadà, sà." Ó mi irùngbọ̀n sí mi. Mo tú etí aṣọ mi, mo rí èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ níbẹ̀, mo ń kì í gba inú ihò fún wọn. Nígbà tí èèpo tán, ọ̀gá na ahọ́n jáde, ó fa okùn tí wọ́n fi so ọ́fíìsì mọ́ igi, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ dáadáa, ó ń gbádùn rẹ̀.

Bí okùn ṣe já nìyẹn. Ọ́fíìsì gbéra, àwa dì í mú, ó ń fì lọ, ó ń fì bọ̀, ó sì bọ́ sínú agbada ìyangààrí tí ó fẹ̀ bí ọgbà ilé ìwé. Gààrí ń gbóná níbẹ̀. Màmá Ṣẹ́fíù ni ó ń fi igbá yí i. Ó ní, "Ẹ sún, kí n má baà yan yín mọ́ ọn."

Nígbà tí mo sọ ibí yìí, Màmá Ṣẹ́fíù dá mi dúró. Ó ní, "Èmi?"

Mo ní, "Ẹ̀yin gan-an."

"Ṣé gààrí náà yan dáadáa?"

"Ó yan. Ó funfun, ó ń dún ṣàràṣàrà."

"Ó dáa. Máa sọ."

Bí gààrí náà ṣe ń tutù, ó ń di sìmẹ́ǹtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kí n tó wo ọ̀tún wo òsì, ilé ìwòsàn ni a wà, ọjọ́ tí àwọn ìyá ọmọ máa ń gbé ọmọ wá fún ìwọ̀n ni. Bẹ́ǹṣì kún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn ni ó jókòó síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan wà níbẹ̀, àtùpà kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ kan wà níbẹ̀, olúkúlùkù pọn ọmọ. Fóònù kan dá jókòó sí igun, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ra, ara rẹ̀ ń dán, ó ń rùn dídùn.

Nọ́ọ̀sì tí ó jáde sí wa ni Àwẹ̀ró ìyá mi àgbà. Aṣọ funfun wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n áṣáà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Kò ṣe bí ẹni tí ó mọ̀ mí. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í mọ ẹbí.

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ tú ọmọ yín wá, kí a wọ̀n ọ́n!"

Kẹ̀kẹ́ fi ìka kan fa kókó iwájú rẹ̀, ṣéènì bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àtùpà tú tirẹ̀, òwú yọ orí, ó ń wò yányán. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ṣí àyà, ó gbé ọmọ jáde, ó kán òróró sí i lẹ́nu, ó dá a padà, ó ti àyà. Ó ní, "Ẹni tí ó rà mí ti kú. Ọmọ rẹ̀ ti darúgbó. Èmi ni mo ran aṣọ ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ wo ibi tí kókó mi wà dáadáa o."

Kẹ̀kẹ́ yíjú sí Fóònù. "Àǹtí, tú tìẹ náà ká rí i."

"Tèmi kì í tú. Bátìrì ni. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára."

"Bí ara rẹ̀ ò bá wá yá ńkọ́?"

"Wọ́n á ra òmíràn."

"Ọmọ mìíràn?"

"Rárá o. Èmi mìíràn."

Àtùpà sún mọ́ ọn, ó fi iná rẹ̀ ta á lára díẹ̀ kí òtútù má baà mú un. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, àbúrò."

Ó wá kan ẹ̀rọ wa. Ó dìde, ó tún jókòó, ó ń fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín títí agogo ara rẹ̀ fi ń dún. "Ẹ wá wo ìyá ọmọ! Ìyá ọmọ tí ó fi kókó sí ibi tí ó fẹ́ jókòó lé!"

Ojú ti ẹ̀rọ wa. Ó ní, "Wọ́n ní kí olè má baà jí i gbé ni."

"Olè?" Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó sọ̀rọ̀. "Olè wo ni ó ń tú ọ̀já níwájú ìyá ọmọ? Ẹ̀yìn ni olè ń gbà. Níwájú, ojú mi wà níbẹ̀, ọwọ́ mi wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ mi ń bẹ níbẹ̀! Kí ó wá!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Igbe ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Kíí kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kíí mìíràn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó gùn jù ú lọ. Mo wo fèrèsé, ojú ọ̀run ti ń funfun.

Àwẹ̀ró na ìka sí mi. "Ìwọ, tú u."

"Ìyá àgbà, ẹ̀yìn ni kókó wà, wọ́n sì ti jó o pa."

"Ṣé mo bi ọ́ pé ibo ni ó wà? Yí i síwájú."

"Irin ni, mà."

"Ta ni ó gé irin? Ta ni ó tẹ irin? Ohun tí ọwọ́ fi síbì kan, ọwọ́ lè gbé e síbòmíràn. Yí i."

Mo di kókó náà mú, mo fà á bí ẹni ń tún ìró ṣe nígbà tí ìró bá yí sí ẹ̀gbẹ́. Kò kọ́kọ́ mira. Mo tún fà á. Gbogbo irin ara ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gìrọ̀, gìrọ̀, kókó gba abẹ́ apá wá, ó sì dé iwájú. Ẹ̀rọ tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé òun nìyí?" Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Ọmọ náà yí bọ́ sí itan ìyá rẹ̀. Kékeré róbótó ni, àwọn ẹyin irin wẹ́wẹ́ tò yí i ká bí ehín ọmọdé. Mo fi ìka bu gíríìsì, mo fi sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì. Mo tún bu òmíràn. Ó gùfẹ̀, ó fi ara yí lẹ́ẹ̀kan, kò ké, ohùn rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí omi inú àmù. Ìyá rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, ó ń wò ó ṣáá. Àwẹ̀ró gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní, "Èyí yóò pẹ́."

Ní wákàtí kan náà, ògiri ọ́fíìsì tí ó bá wa já sínú agbada yí ara rẹ̀ síwájú, a sì rí ilẹ̀kùn. Ó ṣí. Àwọn ewúrẹ́ tò jáde, wọ́n ń dúpẹ́. Ọ̀gá dúró lọ́dọ̀ mi, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan. Ó la ẹnu. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà."

Ohùn ara mi ni ó jí mi.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ewúrẹ́ Màmá Ṣẹ́fíù, èyí tí ó ní irùngbọ̀n, dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ti ki orí bọ apẹ̀rẹ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ mi, nígbà tí ó sì gbórí sókè, apẹ̀rẹ̀ há sí ìwo rẹ̀ bí fìlà. Dúnsìn ọmọ mi ń gbálẹ̀ níta, ó pọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ké. Dúnsìn kò dá ìgbálẹ̀ dúró. Ó fi ọwọ́ kejì fa kókó ọ̀já, ọmọ yí wá síwájú, ó bá ọmú, ó sì dákẹ́.

Àlá mi tán síbẹ̀.

Màmá Ṣẹ́fíù ní, "Ewúrẹ́ mi jẹ èèpo rẹ?"

"Ó jẹ ẹ́ tán."

"Má bínú." Ó ń fi ọwọ́ pa aṣọ tí ó fi di ìka. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Àlá kì í lé olè. Bí a bá fi nọ́ọ̀tì sí i, tí olè tún wá ńkọ́?"

Mo ní, "Màmá, níbo ni ìbòrí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kọjú sí?"

Ó ronú. "Igbó."

"Àwa ńkọ́, níbo ni a máa ń jókòó láti àárọ̀ títí tí òrùn fi ń wọ̀?"

Gbogbo wa ni a wo ìdí ààrò tí a ti ń yan gààrí, a sì wo ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀yìn ni ó kọ sí wa. Ìyàwó tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, Morẹ́nikẹ́, ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a yí i ká." Àwa obìnrin dì í mú, a gbé e, a yí ojú rẹ̀ sí ààrò. Morẹ́nikẹ́ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ níbi tí Múráìnà fẹ́ jó pa. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé títí dé ìgúnpá. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti kan bíárìn! Ó tutù."

Màmá Ṣẹ́fíù tú aṣọ ìka rẹ̀, ó fi í sí èjìká, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Ó dúró báyìí, ó dijú, bí ẹni ń fi ọwọ́ wá ọmọ nínú òkùnkùn. Ó ní, "Ọwọ́ mi tó o."

Ó wá yíjú. "Múráìnà, ilẹ̀kùn kékeré ni kí o ṣe síbẹ̀, ní ojú ibi tí a jókòó sí. Nọ́ọ̀tì ni kí o fi dè é, kí àgádágodo wà lórí rẹ̀. Tí a bá ń lọ sílé, kọ́kọ́rọ́ yóò wà ní etí aṣọ mi. Kí olè wá tú aṣọ lára mi."

Múráìnà ti ń fetí sí wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti òpó. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n jó o pa. Mo ní ó dáa. Ẹ ti ní kí n ṣílẹ̀kùn fún un báyìí. Mo ní ó dáa. Bó bá dọ̀la, ṣé ẹ ò ní sọ pé kí n fún un lọ́mú?"

"Bó bá ké, wàá fún un!" ni Morẹ́nikẹ́ wí, ẹ̀rín sì ta.

Múráìnà náà rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀nà tí ó lọ sí ìsọ̀ onírin. Mo ké tẹ̀lé e pé kí ó má gbàgbé àgádágodo. Ó ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn, ìbòjú rẹ̀ ṣì wà lórí àga.